Ti Wáyà Inú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀, àti Bí A Ṣe Í Wá Ibi Tí Ó Gbé Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ti Ṣágámù gba Òrè lọ sí Benin mọ̀ pé Òrè ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbé ń dúró kí èrò lè jẹun. Ilẹ̀kùn tí a ń ṣí tí a sì ń tì láìsinmi, pẹ̀lú òjò ilẹ̀ igbó wa, ni ọ̀tá méjì tí wáyà inú ilẹ̀kùn ní. Àwọn kan a sì máa ná owó púpọ̀ lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni ó já.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń rán iná sí mọ́tò tí ń gbé gíláàsì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ilẹ̀kùn tí ó jẹ́ olùdarí: òun ni ó ń pàṣẹ fún gíláàsì, fún títì ilẹ̀kùn àti fún dígí ẹ̀gbẹ́. Nínú púpọ̀ wọn, wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ ara ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wá fún un, ní ọ̀nà tí à ń pè ní CAN, èyí tí ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986. Olùdarí tí kò gbọ́ ìpè kò lè dáhùn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Nítorí náà, kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà wò.

Èkíní, kí a wo fíúsì. Bí èyí tí a pààrọ̀ bá tún jó, kí a má ṣe fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí i. Wáyà kan ń kan ara ọkọ̀ níbì kan.

Èkejì, kí a wọn iná tí ó dé ọ̀dọ̀ olùdarí, àti èyí tí ó padà lọ sí ara ọkọ̀. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì sinmi, a máa ní bí volt 12.6. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: wáyà tí ó ku fọ́nrán kan lè fi iye pípé hàn lójú mítà, síbẹ̀ kí ó má lè gbé iṣẹ́. Kí a so gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀nà ti bàjẹ́. A kò gbọdọ̀ so gílóòbù mọ́ wáyà méjì tí ń gbé ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí gíláàsì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí a tì í, kí a yọ orí bátìrì, kí a fa rọ́bà tí ó bo wáyà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Kí a tẹ wáyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí awọ rẹ̀ lè pé kí bàbà inú rẹ̀ ti já. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, wáyà tí ó nípọn bákan náà ni kí a fi rọ́pò. Kí oríkèé rẹ̀ má ṣe bọ́ sí ibi tí ó ń tẹ̀, kí a sì bò ó kí omi má baà wọ̀ ọ́. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè sábà jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ènìyàn là nínú ìjàm̀bá. Kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀kùn tí kò ṣí lè há ọmọdé mọ́ inú ooru. Ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, ẹ ní kí réwáyà fi ibi tí ó já hàn yín.