Ìbọn Wo Ló Yẹ Ọdẹ Àgbọ̀nrín?

  Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tí ó gbin ẹ̀wà tàbí ilá sí etí igbó, tí àgbọ̀nrín àti ẹtu ń jẹ ewé rẹ̀ lóru, tí ó wá ní òun yóò ra ìbọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìbọn wo?

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà a máa fi àwòrán ránṣẹ́ sílé. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń lo ráífù tí ń ki ara rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí ọta kan bá ti jáde, agbára tí ó tì í jáde náà ni yóò ti irin inú ìbọn sẹ́yìn, yóò ju ìkarahun ọta tí ó ti yìn nù, yóò sì fi òmíràn rọ́pò. Kí ọdẹ ṣáà tún fi ìka fà á ni. Kì í rọ̀jò ọta bíi ti ológun. Ìfà kan, ọta kan ni. Ẹni tí ó bá rí i yóò sọ pé irú èyí gan-an ni òun ń wá.

Ẹ má tíì yára. Ojúmọmọ ni ọdẹ tọ̀hún ń jókòó, lórí igi tàbí lórí òkè, tí ilẹ̀ gbalasa wà níwájú rẹ̀. Àgbọ̀nrín lè dúró ní mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ó sì ń rí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran náà. Àwa ńkọ́? Òru ni, iná wà lórí wa, igbó dí, ẹran kò sì jìnnà ju ogún sí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ọta ráífù kékeré jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 22, lè rìn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Ti ráífù ńlá lè kọjá kìlómítà mẹ́ta. Ta ló wà lẹ́yìn igbó yẹn? Ahéré ẹlòmíràn ni, tàbí gáà Fúlàní, tàbí ẹlẹ́mu tí ó jí lọ sí ìdí ọ̀pẹ. Ní Amẹ́ríkà náà, gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ló gbà á bákan náà: nígbà tí ìpínlẹ̀ Pennsylvania fàyè gba ráífù tí ń ki ara rẹ̀ fún ẹran kékeré ní 2017, wọn kò gbà á fún àgbọ̀nrín.

Òfin tiwa náà ní ohun tí ó sọ. Òfin ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní: ìbọn ológun, títí kan ráífù mìlímítà 7.62 àti 9, àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni èyí tí a lè tọrọ ìwé àṣẹ fún lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá: ìbọn katiríìjì tí ń fọ́n ọta, àti ráífù ìṣọdẹ tí kì í ṣe ti ológun. Ṣùgbọ́n òfin yọ ìbọn katiríìjì tí ń ki ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì yọ èyí tí a ń fi ọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kí ó tó ki ọta. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti irú rẹ̀, òun náà sì ń fẹ́ ìwé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àti ọ̀mùtí, òfin ní kí a má ṣe fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́, òfin 1984 ní kí ó san N20,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ẹ má wo ti owó yẹn. Ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ wò.

Èyí tí ó yẹ wá, lójú tiwa, ni ìbọn katiríìjì ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a ń ṣẹ́ láàárín kí a tó ki ọta sí i. Bí owó bá tó, ẹlẹ́nu méjì ló dára, nítorí ọta kejì ti wà ní sẹpẹ́ láìsí ẹ̀rọ kankan tí yóò há nínú òjò tàbí iyanrìn. Níńbà 12 ló wọ́pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá yọ́ òjé sí ọta roboto tí ó kún inú ọ̀pá ìbọn náà rẹ́gí, 12 irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́n-ùn kan. Ìdí nìyí tí níńbà 20 fi kéré sí i. Ẹ má kó katiríìjì oríṣi méjèèjì sínú àpò kan náà láéláé. Ti 20 yóò yọ́ wọ inú ọ̀pá 12, yóò há síbẹ̀ láìhàn, bí ẹ bá sì ki 12 tẹ̀lé e, ọ̀pá yóò bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ojúmọmọ ni kí ẹ rà á. Ẹ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ gbé inú ọ̀pá sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò sí i, tàbí tí ibì kan tẹ̀ wọnú, ẹ dá a padà. Ẹ pa á dé, kí ẹ mì í létí. Tí ó bá ń dún, ìdè rẹ̀ ti yẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọlọ́jà kì í sọ: àwọn ìbọn àtijọ́ kan, katiríìjì mìlímítà 65 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ti 70 yóò wọlé, ìbọn yóò sì pa dé, ṣùgbọ́n ẹnu katiríìjì kò ní rí àyè ṣí nígbà tí ó bá yìn. Nọ́ńbà náà máa ń wà lára irin. Ẹ kà á.

Ní ti ṣakabùlà, a mọ̀ pé òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọ̀pá omi ni àwọn alágbẹ̀dẹ kan fi ń rọ ọ́, wọn kò sì ṣe ọ̀pá omi fún ẹ̀tù ìbọn. Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ má gbé e wá sójú láti wò ó. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn fún bí ìṣẹ́jú kan, nítorí iná lè ṣì ń jẹ lọ nínú rẹ̀.

Fún ẹtu, tí kì í sábà wọn ju kílò mẹ́wàá lọ, ọta ńlá kò pọn dandan. Àgbọ̀nrín tóbi jù ú lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń fẹ́ ọta tí nǹkan bí mẹ́sàn-án péré wà nínú katiríìjì kan. Ọta wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa ẹyẹ kò ṣe nǹkan kan fún un ju pé kí ó gbọgbẹ́ lọ kú sí oko ẹlòmíràn. Kí ẹ tó lọ sóko ọdẹ, ẹ gbé ìwé àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ sára ebè, kí ẹ ya òbìrìkìtì tó bí àwo ìjẹun sí i, kí ẹ yìn ín láti ogún ìṣísẹ̀, lẹ́yìn náà ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà ogójì. Ibi tí ọta ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún kò ti wọ inú àwo mọ́, ibẹ̀ ni ìbọn tiyín parí sí. Bí ẹran bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ojú tí ń tàn nínú iná kì í ṣe ẹ̀rí. Ojú ewúrẹ́ ń tàn, ti màlúù ń tàn, ti ajá ń tàn. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ènìyàn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran kí ẹ má mọ̀. Ẹ dúró títí ẹ óò fi rí ara ẹran látòkè délẹ̀. Bí ó bá ní ìwo, akọ àgbọ̀nrín ni. Abo rẹ̀ kì í sábà ní, ó sì lè lóyún. Nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, kò sí ìbọn tí ó yẹ níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ dá owó jọ ra ìbọn kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ló wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó bá gbé e di arúfin. Kí ẹgbẹ́ yá ẹnì kan tí ó tọ́ lówó, kí ó gba ìwé lórúkọ ara rẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun nìkan ni yóò máa ṣọ́ oko gbogbo yín. Kí ó tó jáde lálẹ́, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀nà tí òun ń gbà, kí akọ̀wé sì kéde rẹ̀ fún àwọn tí ń sùn lóko lọ́nà ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.