Ẹ Má Fi Ojú Wọn Atẹ́gùn Táyà

Láti Ugbe-Àkókó lọ sí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń gùn lọ sọ́jà àti síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ wa kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, táyà méjì péré ló sì gbé ẹ̀mí gbogbo wọn.

Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ dín a máa gbóná bó ti ń sáré, ọ̀kadà kì í sì í gbọ́ràn mọ́ ní kọ́nà. Ojú lásán kì í tètè mọ̀ ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí táyà tó ń bẹ́ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ṣòfin ní ọdún 2000. Láti 2007, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ atẹ́gùn táyà: bó bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin, iná á tàn níwájú awakọ̀. Òfin náà kò kan alùpùpù, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà fún un. Èyí tí a ń lọ́ mọ́ ẹnu fáàfù bí ìdérí ló bá táyà oní-tuúbù mu.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í fẹ́ táyà. Ìkìlọ̀ nìkan ló ń ṣe. Ẹni tí kò ní in, kó lọ bá fókánáísà láàárọ̀, kí táyà tó gbóná, kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ìwé tó bá ọ̀kadà wá sọ iye tó yẹ. Ti ẹ̀yìn a máa pọ̀ sí i bí a bá gbé èrò.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè kí ẹ tó gùn ún. Táyà ní ààrọ̀. Ẹ̀mí kò ní.