Ojú Tó Kún Fóònù: Kí Ló Dé Tí Àwọn Tó Wo Sinimá Jeanne d'Arc Kò Fi Fẹnu Kò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti kà á ju kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lọ, ètò tọ̀sẹ̀ yìí nìyí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ sinimá kan la fẹ́ sọ. Ọdún 1928 ló jáde. Dúdú àti funfun ni. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ ó rí i tí ẹnu wọn ń mì, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ á jáde ní kíkọ. Orúkọ rẹ̀ ni La Passion de Jeanne d'Arc, ìyẹn ìjìyà Jeanne d'Arc, ẹni tí ìjọ Kátólíìkì ń pè ní ẹni mímọ́. Carl Theodor Dreyer, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló darí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Renée Falconetti ló ṣe Jeanne.

Ẹnì kan á wò ó, á ní òun sunkún títí. Ẹlòmíì á ní oorun ló gbé òun lọ. Ẹnì kan á ní ó yára jù, ẹlòmíì á ní ó ń fà bí ìgbín. Mo ti ń gbọ́ irú àwọn àròyé yìí láti ìgbà tí mo ti ń dárúkọ sinimá yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo sì wá rí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe sinimá kan náà ni wọ́n wò. Orúkọ kan ni, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àkọ́kọ́ ná, ta ni Jeanne? Ọmọ àgbẹ̀ ni, wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1412 ní abúlé Domrémy. Nígbà tó ṣì kéré ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ń gbọ́ ohùn àwọn ẹni mímọ́, pé wọ́n ní kí òun lọ ran ọba Faransé lọ́wọ́ láti lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní 1429, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó gba ìlú Orléans sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dó tì í. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un, wọ́n tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Bíṣọ́ọ̀bù Pierre Cauchon sì ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní ìlú Rouen. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1431, wọ́n dáná sun ún. Kò ju ọmọ ọdún 19 lọ. Ní 1456 ìjọ kan náà fagi lé ẹjọ́ yẹn, ní 1920 wọ́n sì kéde rẹ̀ pé ẹni mímọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàárín ìkéde yẹn àti sinimá yìí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lẹ́nu àwọn èèyàn.

Dreyer kò fi ogun hàn wá rárá. Ilé ẹjọ́ àti ọjọ́ ikú nìkan ló gbájú mọ́, ó sì mú ọ̀pọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn látinú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ gan-an, èyí tó ṣì wà títí dòní. Ojú èèyàn ló kún àwòrán. Ojú Jeanne, ojú àwọn àlùfáà, ojú ọmọ ogun. Wọn ò fi àtíkè tàbí ohun ìkunjú kankan kùn wọ́n, ẹ ó rí ìlà ojú, ìpín, òógùn, itọ́. Irun tí wọ́n fá lórí Falconetti nínú sinimá náà, wọ́n fá a ní ti òótọ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn tó ní sinimá àtijọ́ kò yẹ fún fóònù jiyàn. Lóòótọ́, sinimá tó bá fi òkun àti òkè hàn máa ń kéré lójú fóònù. Ṣùgbọ́n èyí? Ojú èèyàn tó kún gbogbo ojú àwòrán, kí la tún ń wò lórí fóònù lójoojúmọ́? Bẹ́ ẹ bá ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ojú rẹ̀ náà lẹ ń wò, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá kó tó lanu. Ohun tí Dreyer ṣe nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé 1928 ló ṣe é.

Ó dáa, a dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Sinimá náà kọ́kọ́ jáde ní Copenhagen, ní oṣù kẹrin 1928. Kó tó dé ojú àwọn ará Paris, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú náà àti àwọn tí ìjọba ní kó máa yẹ sinimá wò ti gé lára rẹ̀, Dreyer kò sì ní ẹnu níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fòfin dè é torí bó ṣe fi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì hàn bí oníwà ìkà. Lẹ́yìn náà ni iná wọ̀ ọ́. Ẹ rántí pé fíìmù ayé ìgbà yẹn, nitrate ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì máa ń gbiná bí òògùn ìbọn. Ní oṣù kejìlá 1928, iná jó ojúlówó fíìmù náà, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà jáde, ní Berlin. Dreyer kò sọ̀rètí nù. Ó kó àwọn àwòrán tí kò lò tẹ́lẹ̀ jọ, ó to sinimá náà pa dà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ní 1929, iná tún jó ìyẹn náà.

Ní nǹkan bí 1951, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lo Duca rí ẹ̀dà kan lára èyí tí Dreyer tún tò, ó sì ṣe é bó ṣe wù ú. Ó fi orin Bach àti Vivaldi sí i, ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ kíkọ kan kúrò, ó fi àwòrán fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àti àga ṣọ́ọ̀ṣì dípò wọn. Dreyer kò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n sì ń pè ní sinimá Dreyer. Dreyer kú ní 1968 láìmọ̀ pé iṣẹ́ òun ṣì wà níbì kan.

Ibo ló wà? Ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Dikemark, lẹ́bàá Oslo, ní Norway. Ní 1981 ni wọ́n rí agolo fíìmù níbẹ̀, nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Wọ́n kó wọn lọ fún ilé iṣẹ́ fíìmù Norway, wọ́n sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó tú wọn wò. Ìgbà tí wọ́n máa wò ó, ẹ̀dà àkọ́kọ́ gan-an ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé, tí ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ èdè Denmark. Látinú èyí ni wọ́n ti tún un ṣe, tí wọ́n fọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun wo sinimá yìí nígbà kan rí, tí kò sì rí nǹkan gidi níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo ló wò.

Àríyànjiyàn kejì ni ti eré. Lónìí, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà àìlóhùn, kò sí iye kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí. Àwọn kan ní 20 ló tọ́ fún sinimá yìí, àwọn kan ní 24. Bẹ́ ẹ bá fi 24 wò ó, ó máa gbà yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 82. Bó bá jẹ́ 20, ó tó 97. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí sinimá kan náà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mú kí ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sáré, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ bí ìyá yín bá ń ráhùn, tẹ́ ẹ wá mú un sáré, ẹ̀rín ni yóò pa yín. Èmi fẹ́ràn 20. Omijé Falconetti nílò àkókò kó tó bọ́.

Ẹ̀kẹta ni orin. Dreyer kò fi orin kan pàtó sílẹ̀ fún sinimá náà, torí náà olúkúlùkù ló ń fi tirẹ̀ sí i. Ní 1994, Richard Einhorn kọ Voices of Light, tó ní ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn tó wò ó pẹ̀lú orin yìí máa ń sọ pé ńṣe ló dà bíi pé àwọn wà nínú ìsìn. Ní 2010, Will Gregory àti Adrian Utley kọ tiwọn, jìtá àti ìró òde òní ló wà níbẹ̀, àwọn tó sì wò ó pẹ̀lú ìyẹn máa ń sọ pé ẹ̀rù bà àwọn. Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí ẹ pa gbogbo orin, kẹ́ ẹ wò ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo ti gbìyànjú èyí náà. Ó le. Ní ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ ni jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Àmọ́ ó ku àríyànjiyàn tí ẹ̀dà kò lè yanjú. Ohùn tí Jeanne gbọ́, òótọ́ ni àbí irọ́? Dreyer kò fi áńgẹ́lì kankan hàn wá, kò sì bá wa dá ẹjọ́. Àwọn kan ń bínú sí i nítorí èyí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe sinimá ẹni mímọ́, kó fi ìmọ́lẹ̀ hàn wá. Ní etíkun tiwa níbí, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìwé ìtàn. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, lẹ́yìn ẹnubodè lọ́hùn-ún, ní 1947, Samuel Oshoffa sọ pé òun rí ìran, òun sì gbọ́ ìpè, ibẹ̀ ni ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá sọ ní àdúgbò wa lónìí pé òun ń gbọ́ ohùn láti ọ̀run, àwọn kan á ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn kan á bọ́ bàtà wá bá a kó gbàdúrà fún wọn. Torí náà, ẹ̀rù tó wà lójú àwọn adájọ́ Jeanne, a mọ̀ ọ́n.

Mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ han ìyá àgbà kan ní ìdílé wa, ọmọ Ègùn ni, kò gbọ́ Faransé, kò sì lè ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde. Ó wo àwọn àlùfáà yẹn, ó ní, "Gbogbo ọkùnrin yìí, ṣé kò sí èyí tó bí ọmọ nínú wọn ni?" Mo ti ka oríṣiríṣi ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa sinimá yìí, mi ò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Kì í ṣe Yúróòpù nìkan ni wọ́n ti jà lórí sinimá àìlóhùn tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn. Ní 1930, àlùfáà Kátólíìkì kan tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Àjàṣẹ́, Francis Aupiais, mú ayàwòrán Frédéric Gadmer lọ sí Dahomey. Albert Kahn, olówó báńkì, ló san owó rẹ̀. Wọ́n ya iṣẹ́ ìjọ, wọ́n sì ya ìsìn vodun, ijó rẹ̀ àti ètùtù rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọ̀gá Aupiais nínú ìjọ kò dunnú sí i: kí ni àlùfáà ń wá níbẹ̀? Lónìí, àwọn fíìmù yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert-Kahn lẹ́bàá Paris. Ìran àwọn baba ńlá àwọn aládùúgbò wa nìyẹn, ojú wọn, ẹsẹ̀ ijó wọn, òkèèrè ló sì wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Shaihu Umar, sinimá Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, lórí ìgbésí ayé olùkọ́ Mùsùlùmí kan tó fara da ìyà. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti sọnù. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n rí i nínú ẹrù ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba ní Jos, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà jáde ní Berlin ní 2018. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tó ní ilé sinimá tàbí ṣọ́ọ̀bù fíìmù nígbà kan rí, kẹ́ ẹ tó kó agolo inú yàrá ẹ̀yìnkùlé dà nù, ẹ ṣí i wò o. Ẹ má sì gbé e sítòsí iná.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wo Jeanne d'Arc: láti January 2024, sinimá náà ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i káàkiri. Orin òde òní tí wọ́n fi sí i ṣì ní olówó rẹ̀ ní tirẹ̀, torí náà èyí tó ní orin lè pòórá lójijì. Bẹ́ ẹ bá ti rí àwòrán àga ṣọ́ọ̀ṣì àti fèrèsé aláràbarà níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ kíkọ wà, ti Lo Duca nìyẹn, ẹ wá òmíràn. Bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ìṣẹ́jú 97 sí i, ẹ wò ó bẹ́ẹ̀, ẹ má mú un sáré. Lálẹ́ ni kẹ́ ẹ wò ó, kí iná yàrá wà ní pípa, kí fóònù wà nítòsí ojú yín bí ìgbà tẹ́ ẹ ń bá èèyàn yín sọ̀rọ̀.