Aáró orí kọ̀ǹpútà: Ẹgbẹ́ tó yẹ kó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń tẹ ìwé fún aráàlú ń lò ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, tí iléeṣẹ́ Microsoft ti parí ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10, ọ̀rọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti di àpérò. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè gbé Windows 11, èyí tó sì wà lórí wọn kò ní ààbò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ní kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá wọn fi ayédèrú sọ́fítíwíà sí i. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lè burú. Fáírọ́ọ̀sì lè bá a wọlé, kí iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù mẹ́fà kọ pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òfin pàápàá kò fọwọ́ sí i. Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, ka sọ́fítíwíà mọ́ iṣẹ́ tí ènìyàn kò gbọdọ̀ dà kọ láìgba àṣẹ.

Àmọ́ ṣá, sọ́fítíwíà wà tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní kí aráyé máa pín. Ọdún 1983 ni Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU, pé kí ẹni tó bá ní sọ́fítíwíà lómìnira láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti fún ẹlòmíràn. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde. Orí Linux yìí ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu kalẹ̀ sí ní 2004. LibreOffice, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, wà fún ìwé títẹ̀ àti ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú Ọ̀yọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sí, níbi tí àwọn tí ojú wọn kò ríran ti ń kàwé. Owó gọbọi ni wọ́n ń fi ra JAWS, sọ́fítíwíà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí wọn létí. Ṣùgbọ́n ní 2006, Michael Curran, ọmọ Australia tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ NVDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà lórí Windows lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìṣòro tó kù ni dátà. Ubuntu nìkan ju 5GB lọ. Ibi yìí gan-an ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Àwọn bàbá wa mọ aáró: òní wọ́n á ro oko tèmi, ọ̀la wọ́n á ro oko tìẹ. Bí ẹnì kan bá fi dátà wa sọ́fítíwíà kan, ogún ènìyàn lè fi fláàṣì dà á kọ. Àwọn ọmọ LAUTECH, tó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, àti ti Yunifásítì Ajayi Crowther, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 2005, lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí fláàṣì sì máa bá èrò ọkọ̀ rìn láàárín ìlú méjèèjì.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òfin. Àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ gba ayédèrú wọlé. Èkejì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà gan-an ni kí wọ́n ti wà á. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa sọ òótọ́ fún ẹni tuntun: CorelDRAW tí àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé fẹ́ràn kò ṣe é lò tààrà lórí Linux, ìwé tí wọ́n fi Word tẹ̀ sì lè yí díẹ̀ nínú LibreOffice. Nítorí náà, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀, kó dán Ubuntu wò láti orí fláàṣì, kó tó pa Windows rẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan fẹ́ jù sí ààtàn lè di ohun tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ yóò fi kàwé jáde.