Ẹ̀rọ tí Ó Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gbèrò àtira kẹ̀kẹ́ oníná tí a fi ń gun òkè fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í pẹ́ kí ó tó bi òǹtajà léèrè pé, "Èwo ni ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára jù?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀lẹ, a-gùn-ún-mí-hẹlẹ ni, ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, a ó rí i pé bí irin àti ẹsẹ̀ ènìyàn yóò ṣe máa gbọ́ra wọn yé ni ó fún àwọn olùhùmọ̀ níṣẹ́ ṣe jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí ẹni tí ń rajà ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1895, ìjọba Amẹ́ríkà fún Ogden Bolton, ará ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ̀rọ iná wà ní àárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1897, Hosea Libbey ti ìlú Boston gba tirẹ̀, òun sì gbé ẹ̀rọ sí ìdí irin tí pẹ́dà méjèèjì so mọ́. Báyìí ni ọ̀nà ṣe pín sí méjì, ọ̀nà táyà àti ọ̀nà pẹ́dà. Ṣùgbọ́n nítorí pé bátìrì ayé ọjọ́un wúwo, tí kò sì lè gbé ènìyàn rìn jìnnà, tí ọkọ̀ elépo sì gba ojú ọjà, ìhùmọ̀ méjèèjì sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilẹ̀ Jàpáàn ni a ti jí ọ̀nà pẹ́dà dìde. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ Yamaha gbé kẹ̀kẹ́ tí ó pè ní PAS jáde, èyí tí ó ní ohun ìwọ̀n nínú tí ó ń mọ bí ẹsẹ̀ ti tẹ pẹ́dà tó, tí ẹ̀rọ sì ń bu agbára tirẹ̀ kún un: bí ẹsẹ̀ bá le, ẹ̀rọ a le, bí ẹsẹ̀ bá rọ̀, ẹ̀rọ a rọ̀, bí ẹsẹ̀ bá sinmi, òun náà a sinmi. Òfin Jàpáàn ìgbà náà kò tilẹ̀ gbà kí agbára ẹ̀rọ ju ti ẹni tí ó gùn ún lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ènìyàn ni ó mọ ibi tí ó ń lọ, ẹ̀rọ ni kì í rẹ̀.

Eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ti ń gbilẹ̀ ní tirẹ̀ kí ó tó di ìgbà yìí. Lórí Òkè Tamalpais ní Kalifọ́níà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ a máa ti kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ gòkè, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e, kí wọ́n lè fi eré burúkú sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìje Repack tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1976, bíréèkì a máa gbóná títí gírísì inú rẹ̀ yóò fi jó tán. Ìsọ̀kalẹ̀ ni adùn, àtigòkè ni ìyà.

Nígbà tí iná wá dé orí òkè, ọ̀nà táyà kò lè bá a dé ṣóńṣó. Yíyí ẹ̀rọ tí ó wà nínú táyà so mọ́ ti táyà fúnra rẹ̀. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá mú kí táyà máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ a máa tiraka nísàlẹ̀ ìwọ̀n eré tí ó bá a lára mu, ara rẹ̀ a gbóná, bátìrì a sì máa tán. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nídìí pẹ́dà ń gba inú ṣéènì ṣiṣẹ́, nítorí náà nígbà tí ẹni tí ó gùn ún bá bọ́ sí jíà tí ó fúyẹ́, òun àti ẹ̀rọ ni ó jọ ń jàǹfààní rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí Bosch ti Jámánì wọ ọjà ní 2011, tí Shimano ti Jàpáàn mú èyí tí ó dìídì ṣe fún òkè jáde ní 2016, tí DJI ti Ṣáínà sì dé ní 2024, ìdí pẹ́dà ni gbogbo wọn fi ṣe ibùjókòó.

Newton-mita ni a fi ń wọn agbára yíyí wọn. EP8 ti Shimano ní 85, ó sì wúwo tó kílò 2.6, HPR50 ti ilé-iṣẹ́ TQ kò ju 50 lọ, ṣùgbọ́n kílò 1.85 péré ni. Avinox ti DJI dé 105. Ní Yúróòpù, àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, òfin kò gba ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyè ju wáàtì 250 lọ fún iṣẹ́ àìsinmi, ó sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ bí eré bá dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí ó lẹ́sẹ̀, tí ó fẹ́ kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́, 50 tó o, ẹni tí òkè rẹ̀ ga tí ẹrù rẹ̀ sì pọ̀, kí ó wá èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bátìrì ńlá. Kí ó sì rántí pé a kì í yọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan kí a fi ti òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni a ṣe irin kẹ̀kẹ́ náà bá mu. Ẹni tí ó yan ẹ̀rọ ti yan ẹni tí yóò máa bá a tún un ṣe.

Síbẹ̀, ojú olójú kò dà bí ojú ẹni. Kí ẹni tí ń rajà gun kẹ̀kẹ́ náà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gidi kí ó tó sanwó. Kí ó dúró láàárín òkè, kí ó tún gbéra, kí ó wò ó bóyá ẹ̀rọ ń ta kìjí tàbí ó ń bá ẹsẹ̀ dìde wẹ́rẹ́. Kí ó dá ẹsẹ̀ dúró níwájú gbòǹgbò igi, kí ó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ṣì tì í díẹ̀ kọjá tàbí ó já a jù sílẹ̀. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta láìwa pẹ́dà, kí ó tẹ́tí sí ikùn ẹ̀rọ náà, nítorí àwọn kan a máa dún kọ̀ǹkọ̀. Èyí tí ó bá ti gbọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, òun ni kí ó rà, ì báà jẹ́ pé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ogún Newton-mita jù ú lọ.