Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé 3D

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D kì í tẹ ọ̀rọ̀ sórí ìwé. Nǹkan tó ṣeé dì mú ló ń tẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀. Irú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ á yọ́ okùn ike, á sì máa tò ó ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn títí nǹkan náà á fi pé.

Chuck Hull, ará Amẹ́ríkà, tẹ nǹkan àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 1983. Ní Lomé, Kodjo Afate Gnikou, ará Togo, fi pàǹtí kọ̀ǹpútà to ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tirẹ̀ jọ ní 2013.

Fún iléeṣẹ́ oníke ní Ìkẹjà tàbí Agége, ṣíṣe àpẹẹrẹ ni ẹ̀rọ yìí ti wúlò jù: wọ́n lè tẹ ìdérí ìgò kan wò kí wọ́n tó náwó sórí mọ́ọ̀dì onírin tí wọ́n ń da ike sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ 3D lọ́ra. Bó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdérí, mọ́ọ̀dì ṣì ni ọ̀gá.