Bí sípíkà ẹ̀yìn bá dákẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Ubuntu

Ní Ìdànrè, láti Òdòde títí dé Àlàdé, kò ṣàjèjì mọ́ kí ẹni tó ń fi fíìmù àti orin pawó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kalẹ̀. Àwọn kan ń lo Ubuntu tí iléeṣẹ́ Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde lọ́dún 2004, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni tí wọ́n bá ra sípíkà ẹlẹ́ni mẹ́fà: méjì iwájú á máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́, oníbàárà tó ti sanwó á sì máa kùn. Ọ̀pọ̀ á sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, bẹ́ẹ̀ sípíkà kò ní àìsàn kankan.

Ihò tí wọ́n ki wáyà bọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ohùn méjì péré ni ihò hẹ́dífóònù kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń gbé jáde, sípíkà márùn-ún àti wúfà kan sì nílò mẹ́fà. Wáyà tó ń pín ihò kan sí mẹ́ta kò lè ṣe é, ohùn méjì kan náà ló ń pín kiri. Àfi kí èèyàn ra sáǹdì káàdì USB tó ní ihò mẹ́ta, tàbí kó gba HDMI, tó lè gbé tó ohùn mẹ́jọ, lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè.

Tí èyí bá ti tọ́, ó ku inú kọ̀ǹpútà. PulseAudio ló ń pín ohùn nínú Ubuntu tẹ́lẹ̀, kí PipeWire tó gbapò rẹ̀ nínú èyí tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2022. Èyí ó wù kó jẹ́, ohùn méjì ló sábà máa ń yàn fúnra rẹ̀. Kí èèyàn ṣí pavucontrol, kó lọ sí Configuration, kó yan Surround 5.1. Kó tún ṣí alsamixer. Ibi tó bá rí MM, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn, kó tẹ lẹ́tà M.

Lẹ́yìn náà ni kó tẹ speaker-test -c 6 -t wav. Ohùn kan á máa dárúkọ sípíkà kọ̀ọ̀kan. Tó bá pe ẹ̀yìn, tí iwájú dáhùn, wáyà ló gba ọ̀nà òdì.

Bí gbogbo wọn bá dáhùn, tí wúfà tún dákẹ́ nígbà tí orin ń lọ, kì í ṣe àléébù. Àwo CD olórin, fújì ni o, jùjú ni o, ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀. PulseAudio kì í sì í fi ìkankan ránṣẹ́ sí wúfà, àfi tí wọ́n bá kọ enable-lfe-remixing = yes sínú daemon.conf.

Ti iná ọba tún wà ńbẹ̀ o. Tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó wà lórí HDMI kú, ohùn lè padà sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dé, kí wọ́n tún ṣí pavucontrol wò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà yọ.